Òkúta Tó Ń Bọ̀ Wá Bá Ahunṣọ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú àwọn ahunṣọ kan ní apá Òkè Ògùn, tó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, tó lọ kọ́ òfì híhun. Àdìgún lorúkọ rẹ̀. Tíípà tí wọ́n fi ń kó yanrìn ló ń wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ìlú, ó wá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, ó ń retí mẹkáníìkì. Bàbá arúgbó kan ń hunṣọ lábẹ́ àtíbàbà ní òdìkejì ọ̀nà. Bàbá náà kò yára, kò sì dúró. Nígbà tí mẹkáníìkì yóò fi dé, Àdìgún ti pinnu. Ó ní iṣẹ́ tí kò mu epo bẹntiróò ni òun ń fẹ́.

Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ni géńdé tó ti hurùngbọ̀n ń wá láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́. Àdìgún lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá arúgbó yẹn, bàbá náà sì gbà á. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti di ọ̀gá rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí òfì ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò rí i rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi sùn sí. Ahunṣọ yóò jókòó sídìí òfì. Òwú tó fẹ́ hun yóò nà jáde níwájú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, gbọọrọ, bí okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí, yóò la àgbàlá kọjá, yóò sì parí sórí pákó pẹlẹbẹ kan lókèèrè. Wọ́n á gbé òkúta ńlá lé pákó yẹn kí òwú lè le dáadáa. Ahunṣọ á wá máa ju ọ̀kọ̀, ìyẹn igi kékeré tó gbé òwú ìdábùú sínú, láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Bó bá ti hun díẹ̀, á ká aṣọ tó ti hun mọ́ igi tó wà níwájú àyà rẹ̀, bó sì ṣe ń ká a ni pákó àti òkúta á máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ahunṣọ kì í dìde lọ bá òkúta. Òkúta ló ń bọ̀ wá bá ahunṣọ, bí ahunṣọ kò bá sì hun, ibi tí òkúta wà náà ni yóò sùn.

Ní àgbàlá ọ̀gá Àdìgún, ìdí igi ìyeyè kan ni òkúta ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀.

Àdìgún mọ iṣẹ́ yìí. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ti mọ sányán hun, ó mọ àlàárì, ó mọ ẹtù. Òwú kì í já mọ́ ọn lọ́wọ́, etí aṣọ rẹ̀ sì máa ń gún régé. Ṣùgbọ́n àwọn ahunṣọ ìlú yẹn ní òfin kan tí wọ́n jogún bá. Ẹni tó bá fẹ́ gba òmìnira gbọ́dọ̀ gbé aṣọ kan wá síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, aṣọ tó ní ọnà tí ẹnikẹ́ni kò hun rí. Bí kò bá rí irú rẹ̀ gbé wá, á padà lọ lo ọdún kan sí i lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ọdún kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá fún ọ̀dọ́. Fún Àdìgún, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró, télọ̀ tí gbogbo ìlú ń gbé aṣọ òfì wá fún kí ó bá wọn rán an pọ̀. Ó ti dúró dè é fún ọdún méjì. Bàbá Àwẹ̀ró sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé òun kò ní fa ọmọ òun lé ọwọ́ ẹni tó ṣì ń gbálẹ̀ ìta ọ̀gá, àti pé ọdún yìí ni òun fi mọ. Bí òmìnira bá kọjá Àdìgún lọ́dún yìí, Àwẹ̀ró náà á kọjá rẹ̀.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó, Àdìgún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọnà kiri. Ẹ má gbàgbé pé awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ohun tí awakọ̀ mọ̀ ni pé bí o bá fẹ́ nǹkan, o máa lọ síbi tó wà. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó lọ sí Ọ̀yọ́, ó lọ sí Ṣakí. Ó ń yọjú wo aṣọ lọ́rùn àwọn ẹni ẹlẹ́ni, títí ìyàwó oníyàwó kan fi bi í pé kí ló ń wò. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ya èyí tó wù ú sórí bébà, ó sì gbé e wálé tayọ̀tayọ̀.

Ó gbé àkọ́kọ́ síwájú ọ̀gá.

Ọ̀gá wò ó. "Ó dára o. Irú rẹ̀ ni ìyá mi fi pọ̀n mí."

Ó gbé èkejì wá. Ọ̀gá ní, "Èyí náà dára. Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé, ilé rẹ̀ ni mo ti jẹun nígbà ọdún tó kọjá." Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ọ̀gá kàn na ọwọ́ sí fìlà tó wà lórí ara rẹ̀, Àdìgún sì rí ọnà náà lára fìlà. Ó ti ń wo fìlà yẹn fún ọdún mẹ́rin.

Ojú tì í. Ó ní ìrìn àjò kò ran òun lọ́wọ́, ó wá yí ọgbọ́n dà. Ó ti gbọ́ pé ìmísí máa ń bá ènìyàn lójijì, nítorí náà ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ìyeyè, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, kó má baà nira fún ìmísí láti rí òun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyeyè jábọ́ lé e níwájú orí lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni nǹkan kan ṣoṣo tó bá a lójijì.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀gá wá dúró lé e lórí.

"Àdìgún, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń retí ìmísí ni, Bàbá."

"Ṣé ó mọ ilé wa?"

Ọ̀gá ní kó dìde. Bàbá náà ti ta òwú aláró sórí òfì, dúdú mini, láti àtíbàbà títí dé ìdí igi ìyeyè. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀. Máa hun."

"Ọnà wo ni kí n hun sí i, Bàbá?"

"Dúdú ni kí o hun."

"Dúdú lásán?"

"Ṣé mo fi nǹkan mìíràn kún un ni?"

Ọ̀gá wá mú òwú kékeré kan tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ìjòyè kan, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n, ó fi lé Àdìgún lọ́wọ́. Ìṣe àtijọ́ ni fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ní àràárọ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, yóò fi òwú yẹn gba inú aṣọ kọjá lẹ́ẹ̀mejì láti sàmì sí ibi tí ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá á fi apá wọn ibi tó hun dé. Nígbà tí aṣọ bá parí, ọmọ iṣẹ́ á fa gbogbo àmì náà yọ, aṣọ á sì mọ́.

Inú bí Àdìgún. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́rìnlélógún kí àwọn àgbà jókòó, ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi òwú dúdú lásán jẹ ẹ́ níyà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àná. Ó hun, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá gbé apá lé aṣọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Kò tilẹ̀ kún. Ọ̀gá ní, "Ìgbín tó gbéra nígbà tí o jókòó ti délé, ó ti jẹun tán." Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta àti ìkẹrin.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó gbójú sókè, ó rí i pé òkúta ti kúrò nídìí igi. Kò jìnnà. Ewúrẹ́ kan ti rí àyè dùbúlẹ̀ sí ibi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ Àdìgún rí àyè náà, nǹkan kan sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó yan òkúta kékeré kan tó yọrí nínú ilẹ̀ àgbàlá, ó ní òun gbọ́dọ̀ fa òkúta ńlá kọjá ibẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó fà á kọjá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó yan ẹnu kànga. Ó gbàgbé láti wo ojú ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀, ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń gbà, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń kọrin tí awakọ̀ máa ń kọ nígbà tí ọ̀nà bá dára.

Kì í ṣe pé gbogbo ọjọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, àtíbàbà sì jò, ìdajì ọjọ́ ló fi ń bo òwú. Lọ́jọ́ mìíràn, Àwẹ̀ró gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún un, ó ní òun kò ní pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, bí ọjọ́ àná ti wù kí ó rí, yóò mú òwú ìyeyè, yóò sàmì, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Òkúta ń wọ́ bọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn àgbà, òkúta kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ parí. Àdìgún gé e kúrò lórí òfì, ó ká a bí òṣùká, ìbànújẹ́ sì dé bá a, nítorí ó rántí nísinsìnyí pé òun kò ní ọnà kankan. Ayọ̀ iṣẹ́ ti mú un gbàgbé. Aṣọ dúdú lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀la sì ti dé tán.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àwẹ̀ró. Ó ní, "Bá mi rán an pọ̀ fún ìyá mi, kó máa rí nǹkan fi bora. Lọ́la, màá bẹ àwọn àgbà fún ọdún kan sí i. Wàá bá mi bẹ bàbá rẹ."

Àwẹ̀ró wò ó. Ó gba aṣọ. Aṣọ òfì kì í fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gígùn sì ni wọ́n ń hun ún, tí wọ́n á wá gé e ní ọgbọọgba, tí wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó rán an. Nítorí náà, ẹni tó hun ún gan-an kì í rí aṣọ rẹ̀ lódindi títí dìgbà tí wọ́n bá tò ó. Àwẹ̀ró wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó sì ń tò ó sórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ó ti ń tò ó ni Àdìgún rántí pé òun kò tíì fa àwọn àmì yọ. Ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ lára èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ó ti na abẹ́rẹ́ sí èkejì nígbà tí Àwẹ̀ró gbá a lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀!"

"Àmì iṣẹ́ ni. Fífà ni wọ́n ń fà á."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Dìde, kí o wá dúró síbí. Wò ó láti ibi tí mo dúró sí."

Àdìgún dìde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó.

Ní apá òsì, níbi tí ọjọ́ ìbínú wà, àmì ìyeyè sún mọ́ra, wọ́n pọ̀ bí ẹní da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Bí ojú ṣe ń lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n ń jìnnà síra, wọ́n ń jìnnà síra, títí àwọn tó wà lápá ìkẹyìn fi dá wà nínú dúdú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ síbì kan náà, bí ẹyẹ tó fò kúrò lórí igi kan. Àdìgún ti dé Ìlọrin, ó ti dé Ọ̀yọ́, ó ti dé Ṣakí, kò sì rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwẹ̀ró ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é."

"Ó dáa. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Kúrò lójú iná fún mi kí n rí ihò abẹ́rẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ́ aṣọ náà síwájú àwọn àgbà. Àgbà kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí ojú. Òun ló kọ́kọ́ gbé aṣọ sókè, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fà á wò. Ó ní, "Níbo lo ti rí èyí?"

Àdìgún ní, "Ibi tí mo jókòó sí ni, Bàbá. Àmì iṣẹ́ òòjọ́ mi ni." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

Ọ̀rọ̀ náà yé àwọn àgbà kíá, ahunṣọ ni gbogbo wọn. Ó di pé wọ́n ń na ìka sí aṣọ, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè.

"Ibi tí wọ́n ti sún mọ́ra yìí ńkọ́?"

"Mò ń bínú sí ọ̀gá mi nígbà yẹn ni."

"Èyí tó jìn yìí?"

"Ọjọ́ tí mo fa òkúta kọjá kànga."

"Báwo ló wá ṣe jẹ́ pé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa ni èyí tún ti kúrú báyìí?"

Àdìgún wolẹ̀. "Àwẹ̀ró ló wá kí mi."

Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín na ìka sí ibì kan lápá òsì. "Àyè kan ṣófo níbí. Ọjọ́ wo ló sọnù?"

"Bàbá, mo fa ìyẹn yọ kí n tó mọ ohun tí mo ń fà."

Àgbà náà wá bi í ní ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣèèṣì yàtọ̀ sí ẹni tó mọṣẹ́. "Ṣé o lè hun aṣọ yìí fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Gbogbo ènìyàn ń retí. Ọ̀gá gan-an na ọrùn. Àdìgún ronú, ó ní, "Rárá, Bàbá. Àwọn ọjọ́ yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún mi lówùú, màá jókòó, màá hun ọjọ́ mìíràn sí i. Kò ní jọ èyí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n á jẹ́."

Àgbà náà wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní òmìnira níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà tó ti ń fi gèlè nu ojú láti ìgbà tó pẹ́, ni wọ́n ní kí ó sọ aṣọ náà lórúkọ. Ó pè é ní Ọjọ́-ò-jọra. Ó sì ní kí wọ́n gbé e fún òun, pé ṣebí aṣọ ìbora òun ni wọ́n sọ pé ó jẹ́. Bàbá Àwẹ̀ró dá ọjọ́ ìgbéyàwó kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Àdìgún bi ọ̀gá rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí?"

"Kí ni mo fẹ́ mọ̀? Èmi náà ò rí i títí wọ́n fi tẹ́ ẹ sílẹ̀." Ọ̀gá tẹ fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò rí i rí kí òkúta dìde fúnra rẹ̀ wá bá ẹni tó sùn."

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé o ti ń fi Àdìgún rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ìyeyè. Rọra rẹ́rìn-ín. Ẹní tìrẹ náà ṣì wà nílẹ̀. O ti ra ìwé tí o fẹ́ kọ nǹkan sí láti ọdún èṣí, o ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì wá. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, o ní ò ń wá ọ̀nà tó dára tí o máa gbà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. O fẹ́ dá oko, ò ń lọ káàkiri wo oko olóko. N kò ní kí o má rìnrìn àjò, n kò sì ní kí o má wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ohun tí ò ń retí wà ní ìkángun òwú lọ́hùn-ún lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò sì lè gbé e wá. Ọwọ́ rẹ nìkan ló lè fà á.

Má sì ṣe tìtorí pé ọjọ́ òní kò dára kí o fa àmì rẹ̀ yọ. Ọjọ́ tí o bínú, tí o hun ìgbọ̀nwọ́ kan péré, wà lára ọnà náà. Ìlà kan ṣoṣo ni aṣọ rẹ ṣì jẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, lábẹ́ ọwọ́ rẹ, o kò tíì lè rí bó ṣe máa rí nígbà tí wọ́n bá tò ó.

Dìde lórí ẹní. Lọ jókòó. Mú òwú ìyeyè, sàmì síbi tí òní ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì ju ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, gbójú sókè, kí o wo ìdí igi lọ́hùn-ún. Òkúta rẹ ti mira.